Agolo Fíìmù Tí Ọ̀gágun Ń Bẹ̀rù

Ẹ̀yin ọmọ tó máa ń wá jókòó sí fàráńdà mi ní Sùúrùlérè, tí ẹ ó ní, "Àǹtí, ṣé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dáa?", ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá yín lóhùn pé ó dáa, kí ẹ lọ kàwé yín, kí ẹ má ṣọ̀lẹ. Irọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Lónìí mo jókòó láti kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá kà á dé òpin tí iṣẹ́ náà ṣì ń wù ú, kó máa lọ, n kò ní dá a dúró.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ojo ni mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ ti rí orúkọ mi ní ìparí fíìmù nípa àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà, nípa àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ìdó, nípa àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní Ìdí-Àràbà, ẹ wá rò pé obìnrin tó lè dúró láàárín ọkùnrin mẹ́wàá kó máa pàṣẹ fún wọn, àyà rẹ̀ á le gan-an ni. Níbo! Kò sí ọjọ́ kan tí mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn tí ẹ̀rù kò bà mí. Títí di òní, kí ilẹ̀kùn gbá gbàm báyìí, ara mi á bù máṣọ. Ẹ óò gbọ́ ìdí rẹ̀.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ọmọ káfíńtà ni mí, ní Muṣin. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Mo kọ́ iṣẹ́ títẹ ìwé, ilé tẹlifíṣọ̀n kan ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kò pọ̀, ebi kò sì pa mí, ó tán.

Iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Fọlárìn rí i pé mo ti fi bírò tún ọ̀rọ̀ tó kọ ṣe kí n tó tẹ̀ ẹ́. Òun ni olùdarí tó ń ṣe fíìmù nípa ìgbé ayé àwọn èèyàn gidi, kì í ṣe eré, kì í ṣe ìròyìn. Ọkùnrin kúkurú ni, awò ojú rẹ̀ nípọn, kì í pariwo. Ó gbé ìwé náà wá síwájú mi, ó ní, "Ta ló ní kí o tún un ṣe?" Mo ní kò sẹ́ni, sà. Mo ti ń ro bí màá ṣe sọ fún bàbá mi pé wọ́n ti lé mi. Ó ní, "Láti ọ̀la lọ, o ò tẹ̀wé mọ́. Wá bá mi ní yàrá fíìmù." Ẹ̀rù bà mí, nítorí gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé ó le lẹ́nu iṣẹ́.

Fíìmù ni a ń lò nígbà yẹn, kì í ṣe ohun tí ẹ fi ń ya ara yín kiri lónìí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án kí a tó fọ̀ ọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn, gbogbo ohun tí a yà ti lọ. Nítorí náà a ní àpò dúdú kan tó ní apá méjì bí ẹ̀wù. A ó ti fíìmù àti àpótí kámẹ́rà bọ inú rẹ̀, a ó pa á dé, a ó wá ti ọwọ́ bọ apá méjèèjì, a ó máa táràrà nínú òkùnkùn. Ọ̀gá Fọlárìn fún mi ní fíìmù kan tó ti bàjẹ́ kí n máa fi kọ́ ọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kì í bọ̀, tí mo fi ń yọ ọ́. Òun á dúró sẹ́yìn mi, á máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí mo bá pẹ́, á ní, "Síkírá, ọwọ́ lo fi ń ṣe é ni, àbí ẹsẹ̀?" Òógùn á máa ṣàn lójú mi, n kò sì ní ọwọ́ tí màá fi nù ún. Nígbà tó yá, mo lè kì í bọ kámẹ́rà kí ó tó ka ogún. Kò yìn mí o. Ó kàn ní kí n tọ́jú fíìmù bíbàjẹ́ yẹn, pé ó lè wúlò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọgbọ́n kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wa tí kò sí nínú ìwé kankan. Fíìmù wọ́n, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń wá, ìṣẹ́jú mélòó kan sì ni ẹyọ kan fi ń tán. Bẹ́ẹ̀, kò síbi tí a gbé kámẹ́rà dé tí ẹni ńlá kan kò ní tún agbádá ṣe, kó wá dúró níwájú wa. Bí ẹ bá ní ẹ ò ní yà á, wàhálà dé. Nítorí náà Ẹ̀gbọ́n Gàníyù, tó máa ń di kámẹ́rà mú, á yọ fíìmù kúrò, á gbé kámẹ́rà lé èjìká lófìfo, á tẹ̀ ẹ́, á máa dún kẹrẹrẹ. Ẹni ńlá á máa sọ̀rọ̀, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi tí mo gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn kọ́ èjìká, màá na máíìkì sí i lẹ́nu, n kò sì ní tẹ nǹkan kan. "Yíya òfìfo" ni a ń pè é. Bí Ọ̀gá Fọlárìn bá ti bọ́ awò ojú tó ń fi áńkáṣífì nù ún, a ti mọ̀ pé àmì rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a bá wọ mọ́tò tán, ẹ̀rín á pa wá. Ẹ̀rín pa èmi náà, n kò ní purọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, kò tíì pẹ́ tí gbogbo mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Sójà ló ń ṣèjọba, katapílà sì kún gbogbo Èkó. A ń ṣe fíìmù nípa títì tuntun kan tó fẹ́ gba ẹ̀yìn Costain kọjá. Ọ̀gágun kan ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ títì náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ilé kan tò síbẹ̀ tí títì náà fẹ́ gba orí wọn, ilé Màmá Sàfúrátù ló sì ṣáájú. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rélùwéè ní Ìdó títí ó fi darúgbó. Òun ló kọ́ ilé náà, nígbà tó sì kú, inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ẹ̀gbẹ́ sàárè náà ni Màmá ń tẹ́ ẹní sùn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá náà, mo ṣáà ń wo ilẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín. "Má wò ó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ìgbà tó wà láyé, ẹnu iṣẹ́ ló máa ń wà. Ìsinsìnyí ni mo tó rí i jókòó tì."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, fíìmù ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wa, a sì ń tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí wọn yóò gbé irin ńlá kan sókè. Ni Ọ̀gágun bá dé láìròtẹ́lẹ̀ pẹ̀lú jíìpù méjì. Bó ṣe rí kámẹ́rà, ó ní kí wọ́n pe àwọn ará ilé jáde, òun fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, kí àwa máa yà á. Ọ̀gá Fọlárìn wò ó láti òkè délẹ̀, ó bọ́ awò ojú. Ẹ̀gbọ́n Gàníyù yẹra sẹ́yìn mọ́tò, ó yọ fíìmù, ó padà wá. Kẹrẹrẹ.

Ọ̀gágun sọ̀rọ̀ nípa ìdàgbàsókè, nípa ọjọ́ iwájú, irú èyí tí gbogbo wọn máa ń sọ. Ni Màmá Sàfúrátù bá jáde láàárín èrò. Ó ní, "Ọ̀gá sójà, ọkọ mi wà nínú ilé yìí. Ṣé orí rẹ̀ lẹ máa gbà kọjá ni?"

Ọkùnrin náà wo Màmá, ó wá kọjú sí kámẹ́rà. Ohun tó sọ nìyí, mo mọ̀ ọ́n lórí: "Màmá, katapílà kankan ò ní fọwọ́ kan ilé yín, àti ti gbogbo àwọn wọ̀nyí, àfi tí mo bá ti fún yín nílẹ̀ míì, tí ẹ ti kọ́lé síbẹ̀, tí ẹ sì ti gbé Bàbá lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kámẹ́rà yìí ni ẹlẹ́rìí mi. Tí mo bá yẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbé e jáde kí gbogbo Nàìjíríà rí mi."

Ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn kan kúnlẹ̀. Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì ẹ̀rọ ohùn. Mo wo Ọ̀gá Fọlárìn, ó ṣì di awò ojú rẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́, kí ohùn ọkùnrin náà ó tilẹ̀ wà níbì kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀gá mi bà mí. N kò tẹ̀ ẹ́ títí Ọ̀gágun fi sọ̀rọ̀ tán. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò.

Kò tó oṣù méjì sígbà náà, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára gbogbo ilé náà. Màmá àti àwọn àgbà àdúgbò bá tọ̀ wá wá ní iléeṣẹ́. "Ẹ dákun, ẹ gbé fíìmù yẹn jáde. Ọkùnrin yẹn ti fẹ́ yẹ̀ ẹ́." Mo rò pé Ọ̀gá Fọlárìn á jẹ́wọ́. Ó dìde, ó wọ yàrá fíìmù. Fíìmù bíbàjẹ́ tí mo fi kọ́ iṣẹ́ ló mú. Ó kì í bọ agolo, ó lẹ pílásítà funfun mọ́ ọn lára, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ọ̀rọ̀ Ọ̀gágun, Costain. Ó gbé e jáde fún wọn, ó ní a kò tíì fọ̀ ọ́, kí wọ́n má ṣí i. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fọwọ́ ra á títí, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ yẹn nu ojú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. "Alihamudulilai. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló wà nínú ibí yìí." N kò lè wo ojú rẹ̀. Ọ̀gá Fọlárìn gba agolo náà padà, ó ní ọ́fíìsì wa ni kó máa wà.

Wọ́n lọ sọ fún àwọn èèyàn Ọ̀gágun pé fíìmù wà o, àwọn ti fọwọ́ kàn án. Ẹ sì gbọ́ o, iṣẹ́ náà dúró! Ọ̀sẹ̀ méjì ni katapílà fi dúró sójú kan, tí awakọ̀ rẹ̀ ń sùn lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Agolo kan tí kò ní nǹkan nínú ló ń dá sójà dúró. Àwọn ará Costain ń yọ̀. Èmi ni àyà mi ń já, nítorí mo mọ̀ pé ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò ní jókòó kó máa bẹ̀rù títí láé. Á wá.

Láàárín ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Ọ̀gá Fọlárìn dè, ó di èrò ọsibítù. Nígbà tí mo lọ kí i, ó fà mí mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Gbé agolo yẹn kúrò ní ọ́fíìsì. Gbé e lọ sílé yín. Tí Ọ̀gágun bá dé, sọ fún un pé fíìmù náà ti wọ bàálù lọ sí ìlú òyìnbó fún fífọ̀. Tó bá ti gbọ́ pé ó ti kúrò nílùú, kò ní lè wó ilé kankan. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́, sà.

N kò gbé e lọ sílé. Mo rò ó pé bí sójà bá lọ já wọ ilé bàbá mi ní Muṣin ńkọ́? Mo fi í sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sórí. Mò ń sọ ọ́ nílé ìdáná, mò ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì títí ẹni tó jókòó tì mí fi ń wò mí: ó ti wọ bàálù, sà, ó ti lọ sí ìlú òyìnbó.

Àárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan ni mo gbọ́ bàtà sójà lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gágun ló wọlé, pẹ̀lú sójà méjì lẹ́yìn, kòbókò lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

"Ìwọ lò ń jẹ́ Síkírátù?"

"Èmi ni, sà. Ọ̀gá mi ò sí nílé, sà, ara wọn ò yá."

"Mi ò béèrè ọ̀gá ẹ. Fíìmù mi dà?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kọ́ láti ọjọ́ yìí wá wà lórí ahọ́n mi. Ni sójà yẹn bá fi kòbókò gbá bàtà ara rẹ̀, tá! Bàtà ara rẹ̀ o. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó yí agolo náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ka ohun tó wà lára pílásítà. "Ṣé kò sí èkejì?"

"Kò sí èkejì, sà."

"Tí mo bá ṣí i síta báyìí ńkọ́?"

"Ìmọ́lẹ̀ á bà á jẹ́, sà."

"Pátápátá?"

"Pátápátá, sà."

Èmi ni mo kọ́ ọ! Ó bọ́ sí fàráńdà, nínú oòrùn, ó ṣí agolo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa fíìmù náà jáde bí ẹni ń fa ìfun ẹran. Ó fà á títí ó fi bo bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ń wo oṣù mẹ́ta òógùn mi nílẹ̀ níbẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìtọ̀ ti gbọ̀n sí mi lára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, katapílà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

N kò mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Nígbà tí mo dé, ẹ́ńjìnnì ń ké, awakọ̀ ń wo aago, àwọn ọmọ Màmá sì ti hú eegun bàbá wọn. Wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n gbé e sínú àpótí páànù tó máa ń gbé lọ sẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè nígbà ayé rẹ̀. Màmá rí mi. Ó fi àpótí sílẹ̀, ó wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Wọ́n ní sójà fi kòbókò gbà á lọ́wọ́ ẹ ni. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O gbìyànjú." Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹkún ló jáde. Ó rò pé ìyà tí wọ́n fi jẹ mí ló ń pa mí lẹ́kún, ó wá ń fọwọ́ wá ojú egbò kiri ẹ̀yìn mi. Mo bá wọn gbé etí kan àpótí náà dé ìdí mọ́tò.

Nígbà tí Ọ̀gá Fọlárìn padà sẹ́nu iṣẹ́, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò bú mi. Ó ní, "Èmi ni mo bọ́ awò ojú." Láti ọjọ́ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò nu awò ojú rẹ̀ níta mọ́. Eruku á bò ó tí kò ní ríran mọ́, á ṣì fi í sójú bẹ́ẹ̀.

Èmi náà di olùdarí, mo di ẹni tó ń gbé ètò kalẹ̀ tó sì ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ. Kò sẹ́ni tó ya òfìfo lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní mò ń fi fíìmù ṣòfò, mo ní kí wọ́n máa wí. Nígbà tó yá, téèpù fídíò dé, a kò fi àlùmọ́gàjí gé fíìmù mọ́, àpò dúdú lọ sínú àkísà. Inú gbogbo èèyàn ń dùn. Ṣùgbọ́n èmi, lójú ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́, màá béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, "Ṣó ń yà?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ wá ń pè mí ní Àǹtí Ṣó-Ń-Yà. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, wọn kò mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù.

Màmá Sàfúrátù kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n Múìbátù, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tó ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà, kò pa ọdún Iléyá kan jẹ láìgbé itan àgbò wá fún mi. "Màmá ló ní kí n máa gbé e wá, Àǹtí, torí ìyà tí ẹ jẹ lórí wa." Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo ń jẹ ẹran náà. Ẹ̀yin ọmọ yìí náà ti bá mi jẹ nínú rẹ̀.

Iléyá tó kọjá yìí, ọ̀pá ni Múìbátù fi rìn wọlé, òun náà ti dàgbà. Bó ṣe gbé abọ́ ẹran kalẹ̀, n kò lè fọwọ́ gbà á. Mo ní kó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó wá ní, "Wọn ò nà yín?"

"Wọn ò nà mí."

"Kò sí nǹkan nínú agolo tí Màmá fọwọ́ kàn."

"Kò sí nǹkan kan."

"Ṣùgbọ́n katapílà yẹn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ méjì."

Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó tọwọ́ bọ báàgì, ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi í gbé ara ti abọ́ ẹran, ó kọ ojú rẹ̀ sí mi. "Àwọn ọmọ mi àti ọmọ ọmọ mi mọ̀ yín sí akíkanjú. Mi ò lè sọ èyí fún wọn. Ẹ sọ ọ́ fún wọn fúnra yín."

Èmi tí mo ti gbé kámẹ́rà síwájú àìmọye èèyàn, tí mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀! Mo tún ìró mi ró. Mo ní, "Múìbá, ṣó ń yà?"

Ó yí fóònù náà sí mi. Mo rí ojú ara mi, mo rí àmì pupa kékeré, mo rí i tí àwọn nọ́ńbà ń sáré.

"Ó ń yà, Àǹtí." Ó gbé e padà sí àyè rẹ̀.

Mo ní, "Orúkọ mi ni Síkírátù. Kámẹ́rà kò ní fíìmù nínú, agolo náà kò ní nǹkan nínú, kò sì sẹ́ni tó nà mí."